Ìrírí mi lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì: ibi tí ìtọ́jú àwọn transgender ti já nígbà Kòrónà

Nígbà tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ kónílé-ó-gbélé ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ọdún 2020, bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ńlá àti ẹ̀rọ tó ń báni mí ni gbogbo ayé ń sọ. Ní ọ̀dọ̀ àwa nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ ní kílíníìkì GP, ìyẹn dókítà àdúgbò, ọ̀tọ̀ ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti le. Àwọn tó jẹ́ transgender, ìyẹn ẹni tí wọ́n bí ní ọkùnrin tó ń gbé ayé obìnrin, tàbí ẹni tí wọ́n bí ní obìnrin tó ń gbé ayé ọkùnrin, kì í sábà wá bẹ́ẹ̀dì wá. Abẹ́rẹ́ kan lóṣù mẹ́ta ni wọ́n ń wá, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ìwé oògùn tó bọ́ sákòókò, àti ẹni tí yóò gbé fóònù tí yóò sì pè wọ́n ní orúkọ wọn. Àwọn nǹkan kéékèèké wọ̀nyí ló kọ́kọ́ já. Mo ń kọ ohun tí mo rí kọ́ sílẹ̀ torí àjàkálẹ̀ àrùn mìíràn lè dé, ó sì yẹ kí ẹni tó ń gba ìtọ́jú yìí, títí kan àwọn ọmọ Yorùbá tó wà láàárín wọn ní London, Manchester àti ibòmíràn, mọ ibi tí okùn náà ti tẹ́ẹ́rẹ́.

Ní England, kílíníìkì àkànṣe fún àwọn transgender ló ń sọ irú họ́mọ́ọ̀nù, ìyẹn oògùn tó ń yí ara sí ti ọkùnrin tàbí ti obìnrin, tí ènìyàn yóò lò àti ìwọ̀n rẹ̀. GP ló ń kọ ìwé oògùn. Nọ́ọ̀sì GP ló ń gún abẹ́rẹ́, tó sì ń gba ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí kílíníìkì àkànṣe kó gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ lọ sórí fóònù àti fídíò, tí GP náà sì ní kí ẹnikẹ́ni má wọlé láìpe òun ṣáájú, olúkúlùkù rò pé ẹlòmíràn ló ń mójú tó aláìsàn náà. Ẹ má gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè orúkọ ẹni tó ni iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Testosterone, ìyẹn họ́mọ́ọ̀nù akọ, ni wàhálà rẹ̀ pọ̀ jù. Èyí tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin transgender ń gbà níbí ni Nebido: 1000 mg nínú òróró mílílítà 4, tí a ń gún sínú ẹran ìdí jinlẹ̀jinlẹ̀, tí ọ̀sẹ̀ 10 sí 14 sì gbọ́dọ̀ kọjá kí a tó tún un gún. Kì í ṣe abẹ́rẹ́ tí ènìyàn ń gún fún ara rẹ̀ nílé. Òróró náà ki, a ní láti rọra tì í wọlé fún bí ìṣẹ́jú 2. Bí ó bá bọ́ sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, ẹ̀kán òróró lè dé ẹ̀dọ̀fóró, kí ẹni náà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, kí èémí rẹ̀ má délẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n fagi lé gbogbo iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí wọ́n ní kò kánjú, tí wọ́n sì ka Nebido mọ́ ọn, kò sí bí aláìsàn ṣe lè gbé e lọ sílé. Sustanon yàtọ̀. 250 mg nínú mílílítà 1 ni, ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 síra wọn, a sì lè kọ́ ènìyàn bí yóò ṣe gún un sí itan fún ara rẹ̀. Àmọ́ òróró ẹ̀pà wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kọ ẹ̀pà tàbí sóyà kò gbọdọ̀ gbà á, ìbéèrè yìí sì gbọ́dọ̀ ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó kọ ìwé oògùn rẹ̀.

Jẹ́ẹ̀lì testosterone, èyí tí a ń fi pa ara, ló yọ ọ̀pọ̀ jù nínú ewu. Ọjọ́ tó yẹ kí abẹ́rẹ́ tó kàn wọlé ni kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ jẹ́ẹ̀lì. Kò sí ìdí láti dúró kí ti ìṣáájú tán pátápátá lára títí àárẹ̀ àti ìbànújẹ́ á fi dé. Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé ni ìwọ̀n. Bí ẹ bá tẹ orí ìgò Testogel oníwọ̀n 16.2 lẹ́ẹ̀kan, 20.25 mg ló ń jáde. Bí ẹ bá tẹ ti Tostran lẹ́ẹ̀kan, 10 mg péré ni. Nígbà tí ọjà kò wọlé dáadáa, apòògùn lè fún ènìyàn ní èyí tó bá wà, ẹni tó ti mọ́ lára láti máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀méjì á sì máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀méjì lọ. Ìdajì oògùn rẹ̀ ló ń gbà yẹn. Ìwọ̀n mg ni kí ẹ há sórí, ẹ má há iye ìgbà tí ẹ ń tẹ ìgò. Ibi tí a ń fi pa yàtọ̀ pẹ̀lú: èjìká àti apá òkè fún Testogel, ikùn tàbí inú itan fún Tostran.

Kónílé-ó-gbélé tún kó gbogbo ilé pọ̀ sójú kan. Jẹ́ẹ̀lì testosterone máa ń ràn láti ara kan sí òmíràn: ọmọdé tó bá ń sùn léjìká bàbá rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í hu irun abẹ́ láìtọ́jọ́, aboyún kò sì gbọdọ̀ fara kàn án rárá. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kété tí ẹ bá pa á tán, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ wọ aṣọ lé e. Bí ẹ bá fẹ́ gbé ọmọ tàbí kí ẹ sún mọ́ ìyàwó yín láìwọ aṣọ, ẹ kọ́kọ́ fọ ojú ibẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ títí ó fi bá wọn: ọ̀kan nínú àwọn oògùn tí òfin ń ṣọ́ ni testosterone nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé rẹ̀ kò wúlò mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ 28 tí wọ́n bá ti kọ ọ́, wọn kì í sì í fẹ́ kọ ju èyí tí yóò tó ọgbọ̀n ọjọ́ lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó wà ní ìyàsọ́tọ̀ nínú ilé, tí kò rí ẹni rán lọ gba oògùn, lè pàdánù ìwé náà kó sì tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá gba ti oṣù yìí ni kí ẹ ti kọ ọjọ́ tí ẹ máa béèrè tòmíràn sórí kàlẹ́ńdà.

Nígbà tí àyè kò gba gbogbo ènìyàn, a ní láti yan ẹni tí yóò kọ́kọ́ wọlé. Èrò mi lórí èyí kò yẹ̀: ẹni tí wọ́n ti yọ ilé ẹyin tàbí kórópọ̀n rẹ̀ ló ṣáájú. Ara onítọ̀hún kò dá họ́mọ́ọ̀nù akọ tàbí abo tó tó ṣe mọ́. Bí oògùn bá já fún oṣù díẹ̀, ooru á máa mú un lójijì, àárẹ̀ á gbé e dè, egungun rẹ̀ á sì máa rẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ tó ń dá họ́mọ́ọ̀nù ara dúró, bíi Decapeptyl 11.25 mg ní ọ̀sẹ̀ 12-12. Bí èyí bá pẹ́, ara á tún jí: nǹkan oṣù lè padà bá ọkùnrin tó ti gbàgbé rẹ̀, irùngbọ̀n á tún máa le lójú obìnrin. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí ìyẹn ń ṣe sí ọkàn lè sọ pé ó lè dúró. Kò lè dúró. Ọkùnrin tó ṣì ní ilé ọmọ náà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé testosterone kì í ṣe oògùn ìfètòsọ́mọbíbí. Ó lè lóyún bó tilẹ̀ ń gbà á déédéé, pàápàá bí ó bá wá já.

Fún obìnrin tí kò rí abẹ́rẹ́ Decapeptyl gbà, àwọn dókítà kan yí i sí cyproterone oníhóró, tó ń dènà họ́mọ́ọ̀nù akọ. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ inú oṣù Kẹfà ọdún 2020 gan-an ni àjọ tó ń ṣọ́ oògùn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kìlọ̀ pé ó lè fa kókó sí awọ tó bo ọpọlọ, àti pé bí ìwọ̀n bá ṣe pọ̀ tó, tí ọjọ́ sì ṣe pẹ́ tó, ni ewu náà ń ga. Nítorí náà, ìwọ̀n tó kéré jù tó ṣiṣẹ́ ni, fún ìgbà díẹ̀, pẹ̀lú àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀. Ẹni tó bá ti ní irú kókó bẹ́ẹ̀ rí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń sún síwájú, òótọ́ sì ni pé ti àwọn kan ṣeé sún. Ẹni tó ti lé lọ́dún kan lórí ìwọ̀n kan náà, tí èsì rẹ̀ dára, tí kì í mu sìgá, lè dúró oṣù mélòó kan. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò lè dúró, nítorí oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dún àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yí ìwọ̀n oògùn rẹ̀ padà. Fún àwọn tó ń gba testosterone, ohun tí mo máa ń wò kíákíá ni bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ki tó: bí hẹmátókíríìtì, ìyẹn ìpín sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ẹ̀jẹ̀, bá kọjá 54 nínú ọgọ́rùn-ún, a ní láti dín oògùn kù tàbí kí a dá a dúró díẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ki máa ń dì, Kòrónà fúnra rẹ̀ sì ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì. Fún àwọn tó ń lo spironolactone, oògùn mìíràn tó ń dènà họ́mọ́ọ̀nù akọ, potásíọ̀mù (irú iyọ̀ kan nínú ẹ̀jẹ̀) àti kíndìnrín ni mo ń wò, àgàgà bí wọ́n bá tún ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bíi lisinopril. Bí àìsàn bá gbé ìgbẹ́ gbuuru tàbí èébì wá, wọ́n gbọ́dọ̀ pe dókítà lọ́jọ́ náà láti mọ̀ bóyá kí wọ́n dá oògùn méjèèjì dúró títí omi ara á fi padà. Kí wọ́n sì yẹra fún iyọ̀ tí wọ́n ń tà fún àwọn tó fẹ́ dín iyọ̀ kù. Potásíọ̀mù ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ máa rí gba ẹ̀jẹ̀ láàárín oṣù púpọ̀, ẹ jẹ́ kó bọ́ sákòókò, kó má baà já sásán. Nebido: kó tó di pé abẹ́rẹ́ tó kàn wọlé. Jẹ́ẹ̀lì àti estradiol (họ́mọ́ọ̀nù abo) oníhóró: wákàtí 4 sí 6 lẹ́yìn tí ẹ lò ó. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ní apá tí ẹ fi jẹ́ẹ̀lì pa. Jẹ́ẹ̀lì tó kù lára awọ á wọ inú ìgò, èsì á ga fíofío, dókítà tó ń ka èsì láti ilé rẹ̀ tí kò rí yín á sì gé oògùn yín kù láìnídìí. Mo rí i pé àṣìṣe yìí pọ̀ sí i nígbà tí ẹni tó ń gba ẹ̀jẹ̀, ẹni tó ń ka èsì àti ẹni tó ń kọ oògùn kò jọ wà nínú ilé kan náà mọ́.

Fóònù gba ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ ìrìn àjò, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn mìíràn. Akọ̀wé gbọ́ ohùn tó ki, ó rí “Miss” lórí kọ̀ǹpútà, ó ní ẹni tó ni àkọsílẹ̀ gan-an ni kó pè. Aláìsàn náà bá gbé fóònù sílẹ̀, kò sì pè mọ́. Ohun tó ṣiṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ àṣírí kan tí òun àti kílíníìkì jọ fẹnu kò lé, tí a kọ sí iwájú àkọsílẹ̀ níbi tó ń kọ́kọ́ hàn, pẹ̀lú orúkọ tí ó fẹ́ kí a fi pe òun. Ọjọ́ ìbí, àdírẹ́sì àti ọ̀rọ̀ àṣírí ti tó láti dá ènìyàn mọ̀; ohùn kì í ṣe ẹ̀rí.

Àwọn ọ̀dọ́ tó padà sílé òbí nígbà tí yunifásítì ti pa ló jẹ mí lọ́kàn jù. Màmá wà ní kíṣìnì, àbúrò wà nínú yàrá kan náà, nọ́ọ̀sì sì ń béèrè nípa họ́mọ́ọ̀nù. Ìbéèrè àkọ́kọ́ wa di èyí: “Ṣé ibi tí ẹ wà gbà yín láyè láti sọ̀rọ̀?” Bí kò bá gbà wọ́n láyè, a ó béèrè kìkì ohun tí bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lè dáhùn, tàbí kí a dá àkókò mìíràn tí wọ́n lè jáde rìn. A tún ń béèrè orúkọ tí a ó kọ sórí àpòòwé, bóyá a lè fi ohùn sílẹ̀ lórí fóònù, àti bóyá kí apòògùn gbé oògùn wá sílé tàbí kó tọ́jú rẹ̀ dè wọ́n. Àpótí oògùn kan tí wọ́n gbé dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú orúkọ tí ilé kò mọ̀ lè lé ọmọ sí ìta láàárín àjàkálẹ̀ àrùn.

Lórí àkọsílẹ̀, ẹ ṣọ́ra gidigidi. Bí ènìyàn bá ní kí GP yí àmì ọkùnrin tàbí obìnrin padà, nọ́ńbà NHS (iṣẹ́ ìlera ìjọba) tuntun ni wọ́n ń fún un, wọ́n á sì kó ìtàn àìsàn rẹ̀ láti inú ti àtijọ́ wá sínú tuntun. Lẹ́tà ìpè máa ń tẹ̀lé nọ́ńbà. Bí ẹ bá lè dúró, ẹ má ṣe yí i padà láàárín abẹ́rẹ́ àjẹsára kìíní àti èkejì. Bí ẹ kò bá sì lè dúró, ẹ gba ìwé ẹ̀rí ti àkọ́kọ́ sọ́wọ́ ná. Lẹ́yìn ìyípadà, ẹ ní kí wọ́n ka gbogbo àìsàn àti oògùn inú rẹ̀ fún yín. Ọkùnrin tó ní ọrùn ilé ọmọ, tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì ń jẹ́ ọkùnrin, kò ní dédé gba lẹ́tà àyẹ̀wò rẹ̀ láàárín ọdún 25 sí 64, bẹ́ẹ̀ ni kò ní gba ti ọmú láti 50. Obìnrin transgender tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ jẹ́ obìnrin kò ní gba ìpè àyẹ̀wò iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá inú ikùn tí wọ́n ń pe àwọn ọkùnrin sí ní 65. Fúnra wọn ni wọ́n ní láti lọ béèrè. Àwọn tó ń jẹ́ Ayọ̀délé tàbí Olúwaṣeun kò ní láti pààrọ̀ orúkọ, ìyẹn sì dín ìbéèrè kù ní ibùdó àjẹsára, àmọ́ “Mr” tàbí “Mrs” tó kù níwájú orúkọ náà ṣì ń tú wọn fó níwájú èrò. Ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́.

Bí Kòrónà bá wá mú ẹni náà ńkọ́? Aṣọ tí ọkùnrin transgender fi ń fún ọmú mọ́ àyà gbọ́dọ̀ kúrò lára lọ́jọ́ tí ikọ́ bá bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ara dá pàápàá, kò yẹ kó ju wákàtí 8 lọ, a kì í sì í sùn nínú rẹ̀. Ẹ bọ́ ọ kí ẹ tó fi ẹ̀rọ ìka wọn afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀, kí ẹ sì nu ọ̀dà èékánná tàbí yọ èékánná àtọwọ́dá kúrò. 95 sókè, ẹ lè wà nílé. 93 tàbí 94, ẹ pe dókítà. 92 wálẹ̀, ilé ìwòsàn ni. Ẹ̀rọ yìí máa ń sọ iye tó ga ju òótọ́ lọ lára aláwọ̀ dúdú. Nítorí náà, ẹ kọ ti ojoojúmọ́ sílẹ̀: bí ẹni tó máa ń ní 98 bá bọ́ sí 95, tí kò sì lè sọ gbólóhùn kan tán láìmí, kó lọ.

Ẹni tó ń lo estradiol kò gbọdọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ dídì. Kó sọ fún dókítà tó gbà á wọlé. Èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ awọ kì í fa ẹ̀jẹ̀ dídì tó oníhóró, wọ́n sì lè yí i sí i. Èyí tó léwu jù ni ethinylestradiol tó wà nínú hóró ìfètòsọ́mọbíbí, tí àwọn tí kò rí oògùn gbà máa ń rà fúnra wọn.

Wọn kò jẹ́ kí ará ilé wọ wọ́ọ̀dù nígbà yẹn, nítorí náà kò sí ẹni tí yóò gbẹnu sọ fún aláìsàn tí èémí kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ẹ kọ ojú ewé kan ṣáájú. Orúkọ tí ẹ ń jẹ́ àti èyí tó wà lára nọ́ńbà NHS. Oògùn àti ọjọ́ abẹ́rẹ́ tó kẹ́yìn. Ẹni tí wọ́n lè pè, àti ẹni tí wọn kò gbọdọ̀ sọ ohunkóhun fún. Ẹ̀yà ara tó wà àti èyí tí wọ́n ti yọ, nítorí obìnrin transgender tó ti ṣe iṣẹ́ abẹ ìyípadà ara ṣì ní prostate (ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀), ọ̀nà ìtọ̀ ọkùnrin tí wọ́n ṣe okó fún sì lè tóóró débi pé rọ́bà ìtọ̀ tí wọ́n fi agbára tì á ya á. Dókítà ọ̀nà ìtọ̀ ni kí wọ́n pè. Ẹ kọ ọ́ pé ẹ nílò abẹ ìfárùngbọ̀n bí ẹ bá pẹ́ níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì tí iṣẹ́ wọ̀ lọ́rùn lè má rántí.

Ní ti iṣẹ́ abẹ, ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 2020 ni NHS England kọ̀wé sí àwọn ilé ìwòsàn pé, ó pẹ́ tán ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin, kí wọ́n dá gbogbo iṣẹ́ abẹ tí kò kánjú dúró fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán. Ìjàǹbá tó fara sin níbẹ̀ ni pé wọ́n ti ní kí àwọn obìnrin kan dá estradiol dúró ní ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Lẹ́tà ìsúnsíwájú dé, àmọ́ kò sọ pé kí wọ́n padà sídìí oògùn, wọ́n sì ń dúró de ọjọ́ tí kò ní í dé. Lọ́jọ́ tí lẹ́tà bá dé gan-an ni kí ẹ pe ẹni tó ní kí ẹ dá a dúró. Obìnrin tí wọ́n ti fi iṣẹ́ abẹ ṣe ojú ara tuntun fún, tó sì ń ki ọ̀pá ìṣègùn bọ̀ ọ́ kó má baà dí, kò gbọdọ̀ fò ó nítorí pé kò rí nọ́ọ̀sì. Oníomi ni ohun tí ẹ ó fi yọ̀ ọ́, ẹ má lo òróró. Àmọ́ ibà, ọyún olóòórùn, ẹ̀jẹ̀ tó ń rin páàdì gbingbin, ìtọ̀ tí kò jáde tàbí ẹran ẹsẹ̀ tó wú tó sì ń dunni, fóònù kò lè yanjú wọn. Ẹ lọ.

Fún àwọn tí kò tíì dé kílíníìkì àkànṣe, tí ìlà ibẹ̀ jẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún kí Kòrónà tó dé, tó tún gùn sí i lẹ́yìn rẹ̀, ìtọ́sọ́nà ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso dókítà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba GP láyè láti kọ oògùn ìdúródè bí aláìsàn bá ti ń ra họ́mọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀ tàbí tó jọ pé yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rà á. Ìwọ̀n tó kéré jù ni, pẹ̀lú ìmọ̀ràn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́. Ọ̀pọ̀ GP kọ̀. Bí wọ́n bá kọ̀ fún yín, ẹ ṣì béèrè fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó ń gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́ lè gba abẹ́rẹ́ tuntun àti àpótí tí a ń kó èyí tí a ti lò sí lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọ̀pọ̀ ilé oògùn níbí.

Ó ku àwọn tó lọ sílé. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ọdún 2020 ni Nàìjíríà ti pápákọ̀ òfurufú Èkó àti Abuja mọ́ bàálù ilẹ̀ òkèèrè. Ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n tó ṣí i. Ẹni tó gba Nebido kó tó wọ bàálù fún ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì ti kọjá ọjọ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kó tó padà. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí níbẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2014, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin ló dá lé, ti mú kí àwọn transgender máa bẹ̀rù láti ṣàlàyé ara wọn fún dókítà tí wọn kò mọ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó rìn, ẹ gba abẹ́rẹ́ yín ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ máa lọ bí ọjọ́ rẹ̀ bá ti sún mọ́lé. Ẹ ní kí GP kọ jẹ́ẹ̀lì tàbí hóró tí ẹ lè gbé dání kún un. Ẹ jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ wà nínú páálí tí apòògùn lẹ orúkọ mọ́, kó bá orúkọ inú páásípọ́ọ̀tù mu, nínú àpò ọwọ́. Lẹ́tà dókítà tó bá tẹ̀lé e kò ní láti sọ ju orúkọ oògùn, ìwọ̀n rẹ̀, àti pé àìtó họ́mọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ń tọ́jú.